Mélòó Ló Gboyè Nínú Wọn?



Ẹni tó bá ń bọ̀ lójú títì ńlá tó yí Washington ká, tó yà sí Arena Drive, tó sì dojú kọ ìlà oòrùn, kò ní pẹ́ tí yóò fi dá Landover Road kọjá. Bó bá ti dá a kọjá báyìí, títì náà á pa orúkọ dà, á di Lake Arbor Way, á sì wọ àdúgbò Lake Arbor lọ, ní káúntì Prince George's, ìpínlẹ̀ Maryland. Arena tí wọ́n torí ẹ̀ sọ títì yẹn lórúkọ ti di ìtàn. Capital Centre ni wọ́n ń pè é. Ọdún 1973 ni wọ́n ṣí i, ibẹ̀ sì ni ẹgbẹ́ Washington Bullets ti ń gbá bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀, basketball tí àwọn ọmọ wa ń pè é, títí di 1997. Lóṣù Kejìlá ọdún 2002, wọ́n fi ohun abúgbàmù wó o, ó di eruku. Ilé ìtajà ló kọ́kọ́ gba ilẹ̀ náà. Nígbà tó di oṣù Kẹfà ọdún 2021, ilé ìwòsàn ńlá kan, UM Capital Region Medical Center, ṣílẹ̀kùn níbẹ̀. Ibi tí èrò ti ń pàtẹ́wọ́ fún àwọn tí ara wọn le koko ni wọ́n ti ń gbé aláìsàn wọlé lónìí.

Ọ̀kan nínú àwọn tó fẹsẹ̀ tẹ pákó pápá yẹn ni Tom McMillen. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà àti ínṣì mọ́kànlá ni gíga rẹ̀. Ọ̀dọ̀ Bullets ló ti lo ọdún mẹ́ta tó kẹ́yìn iṣẹ́ bọ́ọ̀lù rẹ̀, láti 1983 sí 1986. Lọ́dún tó fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀ náà ló jáde dupò sí Ilé Aṣojú-ṣòfin Amẹ́ríkà, láti ṣojú ẹkùn ìdìbò kẹrin ní Maryland, ẹkùn tí apá kan Prince George's wà nínú rẹ̀ láyé ìgbà yẹn. Ìbò 428 péré ló fi ju Robert Neall lọ. Nígbà tó búra wọlé lóṣù Kìíní ọdún 1987, wọn ò tíì rí aṣòfin tó ga tó o nínú ilé náà rí.

Gíga rẹ̀ kọ́ la tìtorí ẹ̀ jókòó. Ìbéèrè kan ni, ìbéèrè tí òbí Yorùbá kì í jẹ́ kó sùn: ọmọ tí wọ́n torí bọ́ọ̀lù mú lọ sí yunifásítì, ṣé ó mú ìwé-ẹ̀rí bọ̀? McMillen wà lára àwọn tó sọ ìbéèrè yẹn di òfin ilẹ̀ Amẹ́ríkà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ padà sẹ́yìn lọ sí Munich. Òru ọjọ́ kẹsàn-án mọ́jú ọjọ́ kẹwàá oṣù Kẹsàn-án ọdún 1972 ni. Amẹ́ríkà àti Soviet ń gbá àṣekágbá bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ Òlíńpíìkì. Ìgbà 63 ni Amẹ́ríkà ti gbá a ní Òlíńpíìkì, ìgbà 63 náà ni wọ́n sì ti jẹ. McMillen, ọmọ ogún ọdún, wà lára àwọn méjìlá tí wọ́n kó lọ. Ayò ti di 50 sí 49, Amẹ́ríkà ló wà níwájú. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta ló kù, àríyànjiyàn sì ti mú kí wọ́n dá aago padà kí wọ́n lè tún un gbá. Ivan Edeshko ti Soviet dúró lẹ́yìn ìlà, ó fẹ́ ju bọ́ọ̀lù wọlé. McMillen lọ dúró gbagidi níwájú rẹ̀, ó na apá méjèèjì sókè, bọ́ọ̀lù ò ríbi gbà. Ni adarí eré bá juwọ́ sí i. McMillen gbà pé ó ní kóun sún sẹ́yìn ni, ó sì sún. Àyè ṣí. Edeshko fi bọ́ọ̀lù náà ránṣẹ́ láti ìpẹ̀kun pápá dé ìpẹ̀kun kejì, Alexander Belov fò sókè, ó hán an, ó sì sọ ọ́ sínú àwọ̀n. 51 sí 50. Àwọn ọmọ Amẹ́ríkà méjèèjìlá kọ̀ jálẹ̀, wọn ò gba fàdákà tí wọ́n fún wọn.

Ọ̀dọ́ tó bọ̀wọ̀ fún ọwọ́ tí adarí eré jù, tí ìyẹn sì ná an ní wúrà, kò ní ka òfin sí ọ̀rọ̀ orí ìwé lásán. Yóò fẹ́ mọ ẹni tó di òfin náà mú, àti bí aago ṣe ń ká.

Yunifásítì Maryland ní College Park, Prince George's kan náà, ni McMillen ti gbá bọ́ọ̀lù lábẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá Lefty Driesell. Ẹ̀kọ́ nípa kẹ́mísìrì ló kà. Nígbà tó jáde ní 1974, ó gba ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ Rhodes lọ sí Oxford, ó sì ń gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ kan ní Bologna, nílẹ̀ Ítálì, bó ti ń kàwé lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí èyí wà lọ́kàn yín, nítorí ọmọ mìíràn tún gba abẹ́ Driesell yìí kọjá lẹ́yìn rẹ̀, Len Bias lorúkọ rẹ̀.

Ọmọ Landover ni Bias, ìtòsí Capital Centre gan-an. Ọmọ ọdún 22 ni. Lọ́jọ́ kẹtàdínlógún oṣù Kẹfà ọdún 1986, ẹgbẹ́ Boston Celtics mú un ṣìkejì nínú gbogbo ọ̀dọ́ tí líìgì NBA yàn lọ́dún yẹn. Kò ju ọjọ́ méjì lọ lẹ́yìn náà tí kokéènì fi pa á, nínú yàrá ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ní College Park. Gbogbo Prince George's ló ṣọ̀fọ̀. Ibi tí wọ́n ti ń ṣọ̀fọ̀ náà ni ọ̀rọ̀ kan ti jáde tó dun àwọn òbí wọ eegun: ọdún mẹ́rin ni Bias ti lò ní Maryland, síbẹ̀ kíréèdìtì 21 ló kù kó tó lè gboyè. Ọmọ méjì, ilé ẹ̀kọ́ kan, akọ́nimọ̀ọ́gbá kan. Ọ̀kan gba ibẹ̀ dé Oxford. Èkejì, bí ẹ̀mí rẹ̀ bá tilẹ̀ gùn, kò tíì ní ìwé kankan lọ́wọ́.

Kí ni àwọn aṣòfin ṣe sí ikú yìí? Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ni pé wọ́n bínú. Lóṣù Kẹwàá ọdún 1986 náà, kí McMillen tó dé Ilé Aṣojú-ṣòfin, wọ́n sáré ṣe òfin oògùn olóró kan. Òfin náà sọ pé ẹni tí wọ́n bá ká gíráàmù márùn-ún kokéènì olókùúta mọ́ lọ́wọ́ tó fẹ́ tà yóò fi ẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún jura, ó kéré tán. Bó bá jẹ́ oníyẹ̀fun ni, àfi kó tó gíráàmù 500 kí ìyà kan náà tó kàn án. Ọ̀kan sí ọgọ́rùn-ún. Àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú ni òfin yẹn kó dà sí ẹ̀wọ̀n jù lọ, títí tí wọ́n fi dín in kù sí ọ̀kan sí méjìdínlógún ní 2010. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ ìwé tí ọmọ náà ò kà tán ò sí nínú rẹ̀ rárá. Àwọn méjì tó ti gbá bọ́ọ̀lù rí ló wá gbé ìyẹn dìde: Sẹ́nétọ̀ Bill Bradley ti New Jersey, tóun náà ti gbá bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ fún New York Knicks, tó sì ti lọ sí Oxford, àti McMillen nílé kejì.

Ẹ̀rí wà nílẹ̀ fún wọn. Lọ́dún 1989, Dexter Manley jókòó níwájú ìgbìmọ̀ kan nílé aṣòfin àgbà. Ọ̀kan nínú àwọn akọni ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ti Washington ni, ọkùnrin fírígbọ̀n tí àwọn alátakò ń bẹ̀rù. Ó lo ọdún mẹ́rin ní Oklahoma State University. Síbẹ̀, níwájú ìgbìmọ̀ náà ló ti jẹ́wọ́ pé òun ò mọ ìwé kà. Omijé dá lójú rẹ̀, ọ̀rọ̀ há a lẹ́nu. Ọdún mẹ́rin ní yunifásítì! Àwọn tó ń gba tíkẹ́ẹ̀tì wò ó mọ ayò rẹ̀ sórí, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó bi ilé ẹ̀kọ́ náà léèrè ohun tí wọ́n kọ́ ọ. Ó padà lọ kọ́ ìwé kíkà nígbà tó ti dàgbà.

Lọ́jọ́ kẹjọ oṣù Kọkànlá ọdún 1990, Ààrẹ George Bush, bàbá, buwọ́ lu òfin tí wọ́n ń pè ní Student Right-to-Know. Ẹ jẹ́ ká tú u palẹ̀ díẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

Ilé ẹ̀kọ́ gíga tó bá ń jẹ nínú owó ìrànwọ́ tí ìjọba àpapọ̀ ń fún akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ ka àwọn ọmọ rẹ̀. Wọn á mú àwọn tó wọlé lọ́dún kan pàtó, wọn á sì dúró. Bó bá jẹ́ ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́rin, ọdún mẹ́fà ni òfin fún wọn. Tí ọdún mẹ́fà bá pé, wọn á sọ iye tó gboyè nínú wọn, wọn ò sì gbọdọ̀ fi í pa mọ́. Ilé ẹ̀kọ́ tó bá tún ń fún eléré ìdárayá ní ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ ní iṣẹ́ míì láti ṣe. Yóò ya àwọn ọmọ yìí sọ́tọ̀: oníbọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ lọ́tọ̀, oníbọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà lọ́tọ̀, àwọn baseball lọ́tọ̀, àwọn tó ń sáré lọ́tọ̀, ọkùnrin lọ́tọ̀, obìnrin lọ́tọ̀, aláwọ̀ dúdú lọ́tọ̀, aláwọ̀ funfun lọ́tọ̀. Kò ní lè fi ọgbọ́n kó gbogbo wọn pọ̀ kí àwọn tó ń ṣe dáadáa lè bo àwọn tó ń ṣubú mọ́lẹ̀. Nígbà tó bá sì fẹ́ fún ọmọ kan ní ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ nítorí bọ́ọ̀lù, ó gbọ́dọ̀ fi iye yìí lé ọmọ náà lọ́wọ́, kó fi lé àwọn òbí rẹ̀ lọ́wọ́, kó fi lé olùdámọ̀ràn ilé ìwé rẹ̀ àti akọ́nimọ̀ọ́gbá rẹ̀ lọ́wọ́.

Ẹ fojú inú wo pálọ̀ ìdílé Yorùbá kan ní Prince George's. Akọ́nimọ̀ọ́gbá yunifásítì kan ti wá kí wọn. Ó wọ kóòtù, ó ń rẹ́rìn-ín, ó mu omi tí wọ́n gbé fún un. Ó sọ̀rọ̀ pápá tuntun tí wọ́n kọ́, ó sọ̀rọ̀ tẹlifíṣọ̀n, ó dárúkọ àwọn tó ti ọwọ́ rẹ̀ lọ sí NBA. Ọmọ ti jókòó sétí àga, ojú rẹ̀ ń dán. Ìyá ló wá béèrè ohun kan ṣoṣo: "Ẹ̀yin sà, àwọn tí ẹ mú ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, mélòó ló gboyè nínú wọn?" Kí ọdún 1990 tó dé, ó lè rẹ́rìn-ín, kó ní nǹkan ń lọ dáadáa. Lẹ́yìn òfin yẹn, bí wọ́n bá mú ọmọ méjìlá, tí mẹ́ta péré sì gboyè, àkọsílẹ̀ rẹ̀ wà, ìyá ò sì nílò kó mọ ẹnikẹ́ni nínú yunifásítì kó tó rí i.

Nílẹ̀ wa, àwọn òbí ti pẹ́ tí wọ́n ti ń bẹ̀rù bọ́ọ̀lù nítorí ìwé. Ẹ̀rù náà kì í ṣe ẹ̀rù òmùgọ̀. Wọ́n ti rí ọmọ tí gbogbo Ìbàdàn ń pariwo orúkọ rẹ̀, tí orúnkún rẹ̀ yẹ̀ lọ́jọ́ kan, tí kò sì ní ohun tó máa fi ọwọ́ mú. Ṣùgbọ́n wọ́n tún ti rí Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí, tó kẹ́kọ̀ọ́ nípa iṣẹ́ ẹ̀rọ ní Pólì Ìbàdàn, tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún Shooting Stars, tó sì gbá bọ́ọ̀lù méjì sáwọ̀n nígbà tí Nàìjíríà na Algeria ní 3 sí 0 láti gba ife Áfíríkà ní Èkó ní 1980. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ilé ẹ̀kọ́ ló dá sílẹ̀ ní Wásimi, ní ìpínlẹ̀ Ògùn, tí bọ́ọ̀lù àti ìwé ti jọ ń lọ pọ̀. Ohun tí Ọdẹ́gbàmí fi owó àti orúkọ rẹ̀ ṣe fún àwọn ọmọ díẹ̀ ni McMillen àti Bradley fẹ́ fi òfin mú gbogbo yunifásítì ṣe.

Àléébù wà lára òfin náà. Ọmọ tó bá fi ilé ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ lọ gboyè níbòmíì, inú àwọn tí kò gboyè ni ilé ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ máa kà á sí. Àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá pariwo lórí èyí, wọn ò sì jẹ̀bi. NCAA, àjọ tó ń darí eré ìdárayá láàárín àwọn yunifásítì, wá ṣe òṣùwọ̀n tiwọn, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí tẹ̀ jáde ní 2005, kó lè gba ti irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ rò. Kí wọ́n máa jiyàn lórí bí wọ́n ṣe ń kà á, ìyẹn dára ju ká má kà á rárá lọ.

McMillen ò dúró síbẹ̀. Ó wà nínú Knight Commission, ìgbìmọ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1989 láti tún eré ìdárayá yunifásítì ṣe. Ní 1991 ó gbé àbá òfin míì kalẹ̀. Ohun tó ń bí i nínú ni bí owó tẹlifíṣọ̀n ṣe ń lọ sọ́dọ̀ ẹgbẹ́ tó bá jẹ jù. Ó ní bó bá jẹ́ jíjẹ nìkan ló ń mú owó wá, kò sí ọ̀gá yunifásítì tí yóò ní ìgboyà láti sọ fún akọ́nimọ̀ọ́gbá pé kó jẹ́ kí ọmọ lọ kàwé. Ó fẹ́ kí wọ́n máa pín owó náà lọ́nà míì, kí ẹ̀kọ́ àti ẹ̀tọ́ àwọn obìnrin nínú eré ìdárayá wà nínú ìṣirò. Àbá náà ò kọjá. Lójú ẹni tó ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, òun gan-an ló lágbára jù nínú gbogbo ohun tó gbé lọ sílé aṣòfin, nítorí pé ìdí igi ló dojú àáké kọ. Nígbà tí ìdìbò ọdún tó tẹ̀ lé e fi máa dé, wọ́n ti tún ààlà àwọn ẹkùn ìdìbò Maryland fà. Ẹkùn kẹrin di èyí tí àwọn aláwọ̀ dúdú pọ̀ jù níbẹ̀, Albert Wynn sì wọlé. McMillen lọ dupò ní ẹkùn kìíní, Wayne Gilchrest sì fẹ̀yìn rẹ̀ balẹ̀.

Ààrẹ Bill Clinton ò jẹ́ kó jókòó pẹ́. Ní 1993, ó fi McMillen àti Florence Griffith Joyner, obìnrin tó yára jù láyé, ṣe alága Ìgbìmọ̀ Ààrẹ lórí Ìlera Ara àti Eré Ìdárayá, ìgbìmọ̀ tí Eisenhower dá sílẹ̀ ní 1956. Àsìkò tiwọn ni ọ̀gá àgbà àwọn oníṣègùn ìjọba Amẹ́ríkà gbé ìwé ńlá kan jáde, ní oṣù Keje ọdún 1996, nígbà tí Òlíńpíìkì Atlanta kù fẹ́ẹ́fẹ́. Ìwé náà sọ pé ó lé ní ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún àgbàlagbà Amẹ́ríkà tí kì í fi ara ṣiṣẹ́ déédéé, mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún kì í sì í ṣe é rárá. Ti àwọn ọmọ ilé ìwé girama ló burú jù: ní 1991, méjìlélógójì nínú ọgọ́rùn-ún ló ń ṣe eré ìdárayá nílé ìwé lójoojúmọ́. Nígbà tó fi máa di 1995, ó ti já wálẹ̀ sí mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n.

Ìròyìn ayọ̀ inú ìwé náà ni pé kò pọn dandan kéèyàn dà bí McMillen tàbí Griffith Joyner. Kéèyàn fẹsẹ̀ rìn kíákíá fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, tàbí kó fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú wọ́ ewé jọ nínú ọgbà, ó tó láti fi lé àìsàn ọkàn àti ìtọ̀ ṣúgà sẹ́yìn, bó bá ń ṣe é lọ́pọ̀ ọjọ́ láàárín ọ̀sẹ̀.

Lake Arbor ní ibi tí wọ́n ti lè ṣe é. Adágún omi wà láàárín àdúgbò náà, ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ sì wà létí rẹ̀. Ní etílé àwọn ilé ńláńlá ibẹ̀ ni àwókù ibùgbé ẹrú Northampton wà, oko tí ìdílé Sprigg ní. Samuel Sprigg tó ṣe gómìnà Maryland láti 1819 sí 1822 wà nínú wọn. Ìpìlẹ̀ àwọn ilé náà ṣì wà nílẹ̀, ọgbà ìtàn ni wọ́n fi ṣe. Àwọn tí wọ́n kó síbẹ̀ nígbà yẹn, iṣẹ́ agbára ni wọ́n fi ara wọn ṣe látàárọ̀ dalẹ́ fún ẹlòmíì, láìgba kọ́bọ̀. Lónìí, àwọn aláwọ̀ dúdú tó nílé lórí ilẹ̀ yẹn ń wọ bàtà kánfáàsì, wọ́n ń rìn ín fún ìlera ara wọn. Ẹni tó bá mọ ìtàn ibẹ̀ kò ní rìn ín bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n.

Ọmọ kan tún jáde láti Prince George's lẹ́yìn gbogbo èyí. Victor Oladipo ni. Bàbá rẹ̀ ti Sierra Leone wá, ìyá rẹ̀ sì jẹ́ ọmọ Nàìjíríà. Upper Marlboro ló ti dàgbà, DeMatha ní Hyattsville ló ti ka girama, ó sì gba Indiana University lọ. Lálẹ́ ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹfà ọdún 2013, ní Brooklyn, wọ́n pe orúkọ náà, Oladipo, Orlando Magic sì mú un ṣìkejì nínú gbogbo ọ̀dọ́ tí NBA yàn, ipò tí Len Bias ọmọ Landover wà ní ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ṣáájú. Ọdún mẹ́ta péré ló lò ní Indiana. Ó ti gboyè.